Ọjọ́ 52 sí Timbuktu: Alùpùpù, Aṣálẹ̀ àti Orúkọ Wa

Bí ẹ bá wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ báyìí, ẹ fara balẹ̀, torí ọ̀nà tí a fẹ́ tọ̀ lónìí jìn.

Marrakech, ní orílẹ̀-èdè Mòrókò, ni mo ti háyà alùpùpù. Kí n má purọ́ fún yín, fọ́tò àti fídíò nìkan ló wà lọ́kàn mi. Mo fẹ́ gun òkè Atlas, kí n sọ̀ kalẹ̀ sínú aṣálẹ̀, kí n sì padà wá ṣe fọ́rífọ́rí fún yín.

Òkè yẹn kì í ṣe eré. Ibi tí ọ̀nà náà ti ga jù, tí wọ́n ń pè ní Tizi n'Tichka, ga tó 2,260 mítà. Àwọn Faransé ló la ọ̀nà mọ́tò yìí láyé àwọn ọdún 1930, ṣùgbọ́n àwọn oníràkúnmí ti ń gba àárín òkè wọ̀nyẹn kọjá tipẹ́tipẹ́. Ọwọ́ mi gan sórí alùpùpù nítorí òtútù. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, nígbà tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ sí òdìkejì, òógùn ti bò mí.

Ìlú àkọ́kọ́ tí mo dúró sí ni Aït Benhaddou. Amọ̀ pupa ni wọ́n fi mọ gbogbo ilé ibẹ̀, wọ́n tò ó gun orí òkè. UNESCO ti kà á mọ́ ogún àjùmọ̀ní gbogbo ayé láti ọdún 1987. Bí ẹ bá ti wo fíìmù Gladiator, ẹ ti rí i. Àmọ́ kì í ṣe torí fíìmù ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ibùsọ̀ àwọn oníṣòwò ni, láàárín Marrakech àti aṣálẹ̀ Sàhárà. Iyọ̀ àti aṣọ ń lọ sí gúúsù. Wúrà àti ẹrú ń bọ̀ wá sí àríwá.

Láti Ouarzazate, mo tẹ̀ lé odò Draa, igi dábínù lọ́tùn-ún lósì. Nínú ọjà kan, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kígbe àlùbọ́sà. Mo yíjú padà kíá, àfi bí ẹni pé wọ́n pè mí láti Mile 12! Larúbáwá ló ni ọ̀rọ̀ náà, al-basal. Ẹnu Hausa ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tó gba aṣálẹ̀ kọjá ti wà nínú ọbẹ̀ wa látọjọ́ tó pẹ́.

Ní Zagora, ògiri kan wà tí gbogbo àlejò ń ya fọ́tò níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ lédè Faransé pé: Timbuktu, ọjọ́ 52. Lórí ràkúnmí nìyẹn o. Èmi náà ya tèmi. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni iyanrìn já táyà mi gbà, mo sì ṣubú yakata. Orúnkún mi bó díẹ̀, ó tán.

Àfonífojì Draa yìí náà ni ogun kan gbà kọjá lọ́dún 1590. Ọba Mòrókò, Ahmad al-Mansur, fẹ́ wúrà ilẹ̀ Songhai. Ó rán Judar Pasha, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, pẹ̀lú nǹkan bí 4,000 ọmọ ogun. Lọ́dún 1591, wọ́n pàdé ogun Songhai ní Tondibi. Songhai pọ̀ jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n àwọn ará Mòrókò ní ìbọn. Bí ilẹ̀ ọba ńlá yẹn ṣe fọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú àwọn ọ̀mọ̀wé Timbuktu. Ahmad Baba wà lára wọn. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, wọ́n mú un gba aṣálẹ̀ lọ sí Marrakech lọ́dún 1594. Ó já bọ́ lórí ràkúnmí lọ́nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Nígbà tó dójú ọba, ó sọ ọ́ fún un pé 1,600 ìwé ni àwọn ọmọ ogun kó lọ́wọ́ òun, bẹ́ẹ̀ ìwé òun ló kéré jù nínú ẹbí òun!

Ọdún 1608 ló tó padà sílé. Lọ́dún 1615, àwọn èèyàn Tuwat kọ̀wé bi í pé, ta ló tọ́ kí a mú lẹ́rú? Ó dáhùn pé a kò gbọdọ̀ mú Mùsùlùmí lẹ́rú, àti pé àwọ̀ dúdú kọ́ ló ń sọ èèyàn dẹrú. Ọ̀rọ̀ akin ni. Ṣùgbọ́n ó tún to orúkọ àwọn ẹ̀yà tí kì í ṣe Mùsùlùmí nígbà náà, àwọn tí òfin, lójú rẹ̀, fàyè gbà kí wọ́n mú lẹ́rú. Yorùbá wà nínú wọn.

Ọ̀kan lára àkọsílẹ̀ orúkọ wa tó pẹ́ jù lọ nìyẹn. Inú ìwé ta-ló-ṣeé-mú-lẹ́rú ni. Ọkùnrin tí wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè rí ló sì kọ ọ́.

Mi ò lè bínú sí i tán, mi ò sì lè gbójú fò ó. Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Èkìtì ni àwọn baba wa ń pe ara wọn nígbà yẹn. Àwọn ará àríwá ló ń sọ Yorùbá mọ́ Ọ̀yọ́ lórí. Ó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún kí àwọn bíi Àjàyí Crowther, tí wọ́n ti mú òun náà lẹ́rú rí, tó gba orúkọ náà, tí wọ́n fi kọ ìwé fún gbogbo wa. Orúkọ tí ẹlòmíì kọ sínú ìwé ẹrú la wá sọ di tiwa.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nígbà tí mo ṣubú ní Zagora, iwájú ni mo kọ́kọ́ wò, ibi tí kámẹ́rà mi wà. Ẹ̀yìn ni mò ń wò báyìí.

Iṣẹ́ kan rèé fún yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bi àgbà kan nílé yín: kí Yorùbá tó di orúkọ gbogbo wa, kí ni àwọn ará ìlú yín ń pe ara wọn? Ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù yín, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ tiwa fúnra wa.

Ó dìgbà kan ná.