Iyán Loúnjẹ: Bí Ilẹ̀, Àṣà àti Ẹ̀sìn Ṣe Ń Yan Oúnjẹ fún Ènìyàn

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹ̀rín ni a máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí rín nídìí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí òpìtàn bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, yóò rí ìtàn nínú rẹ̀. Iyán àti ọkà tí ó gba ipò kìíní àti ìkejì, iṣu ni a fi ń ṣe wọ́n, iṣu sì ti wà lórí ilẹ̀ yìí láti ayébáyé. Gúgúrú tí ó gbẹ́yìn, àgbàdo ni, àlejò sì ni àgbàdo. Gàrí tí ó kún ilé gbogbo wa kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ta ni ó wá tò wọ́n báyìí? Èrò tèmi ni pé ilẹ̀ ni ó ń pàtẹ ọjà. Àṣà ni ó ń yan èyí tí a óò rà. Ẹ̀sìn ni ó sì ń sọ ìgbà tí a óò jẹ ẹ́ àti ẹni tí kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀. Ilẹ̀ Yorùbá kò rí bákan náà láti etí òkun dé ìhà Odò Ọya. Ní agbègbè Ọ̀yọ́, Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Òjò mọ níwọ̀n, ẹ̀ẹ̀rùn sì gùn. Ibẹ̀ ni a ti lè bẹ iṣu, kí a bọ̀ ọ́, kí a sá a títí yóò fi gbẹ, kí a sì lọ̀ ọ́ di èlùbọ́ tí yóò gbé wa dé ìgbà iṣu tuntun. Abájọ tí àmàlà fi di oúnjẹ ará Ọ̀yọ́, tí ẹ̀wà ọ̀dàn sì di gbẹ̀gìrì tí a fi ń jẹ ẹ́. Ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, níbi tí ilẹ̀ ti lọ́ràá fún iṣu, iyán ni wọ́n ń gún. Ní Ìjẹ̀bú, ewùrà ni ó wọ́pọ̀. Omi pọ̀ lára rẹ̀, kì í fà lójú odó bí iṣu gidi, nítorí náà wọ́n ń rin ín, wọ́n sì ń fi se ìkọ́kọrẹ́. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí omi yí ilé ká, ẹja ni ẹran wọn. Orí iná ni wọ́n sì ti ń gbẹ pupuru tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, nítorí pé ibi tí ó tutù tó bẹ́ẹ̀ kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé oòrùn. Bákan náà, eṣinṣin tí ó ń fa àrùn oorun kò jẹ́ kí màlúù gbé inú igbó kìjikìji. Ìdí nìyí tí ẹran ìgbẹ́ àti ìgbín fi wọ́pọ̀ nínú ọbẹ̀ àwọn ará igbó, tí wàrà àwọn Fúlàní sì wọ́pọ̀ ní ìhà Ìlọrin.

Síbẹ̀, ilẹ̀ nìkan kọ́ ni ó ń pàṣẹ. Lẹ́yìn ọdún 1492 tí àwọn ará Yúróòpù dé Amẹ́ríkà ni àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ata àti tòmátì tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá òkun wá sí Áfíríkà, àwọn oníṣòwò Potogí sì wà lára àwọn tí ó kó wọn wá. Ṣáájú ìgbà náà, ìyèré àti ataare ni ó ń ta wá lẹ́nu. Ẹ wo ata lónìí: ọmọ Yorùbá tí a bá gbé ọbẹ̀ aláìlata fún yóò ní aláìsàn ni a sè é fún. Àlejò ti di onílé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ yàtọ̀ díẹ̀. Ilẹ̀ tètè gbà á, ṣùgbọ́n ènìyàn kò tètè gbà á, nítorí pé májèlé wà nínú èyí tí ó korò. Ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń rin ín, bí a ti ń fún omi rẹ̀ dànù àti bí a ti ń yan án, ikú ni ó ń wá. Púpọ̀ nínú àwọn òpìtàn gbà pé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, ni ìmọ̀ gàrí tó tàn kálẹ̀ dáadáa. Àwọn Ẹ̀gbá ń rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi, wọ́n ń sá a, ó di làfún. Àwọn Ìjẹ̀bú ń jẹ́ kí tiwọn kan dáadáa kí wọ́n tó yan án, ó di gàrí Ìjẹ̀bú. Ohun ọ̀gbìn kan náà ni, ọgbọ́n ni ó yàtọ̀. Ọgbọ́n yìí ni à ń pè ní àṣà.

Ẹ̀sìn náà ní ipa tirẹ̀. Ajá àti ẹ̀sun iṣu ni ti Ògún. Ẹni tí ó ń bọ Ọbàtálá kì í mu ẹmu, kì í sì í fi iyọ̀ sí oúnjẹ òrìṣà náà. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, a kì í jẹ iṣu tuntun títí a óò fi ṣe ọdún rẹ̀. Ìsìláàmù ka ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹran tí a kò dúńbú léèwọ̀. Ó sì tún mú sààrì àti ìṣínu wá, tí ó fi jẹ́ pé àkókò oúnjẹ a máa yí padà nínú oṣù Rámádáànì. Àwọn ọmọ Àgùdà ní Èkó kì í jẹ ẹran ní Ọjọ́ Ẹtì Rere. Frẹ́jọ̀n, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, ni wọ́n ń fi ẹja jẹ. Láti inú èdè Potogí ni orúkọ náà ti wá.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ wà ní òkè òkun. Àwọn ènìyàn wa tí a tà sí Bàhíà bá ilẹ̀ mìíràn pàdé, wọ́n sì bá ọ̀gá tí kò bèèrè ohun tí ẹnu wọn fẹ́. Síbẹ̀ àkàrà kò parun, nítorí pé oúnjẹ Ọya ni. Níwọ̀n ìgbà tí a bá ń bọ Ọya, ọmọ rẹ̀ kò lè gbàgbé bí a ti ń lọ ẹ̀wà àti bí a ti ń dín in nínú epo pupa. Acarajé ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ní ọdún 2005, ìjọba Bràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ń tà á sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni èyí fi kàn wá. Ẹ jẹ́ kí a wo búrẹ́dì. Amos Shackleford, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà, wà lára àwọn tí ó sọ ọ́ di ọjà ńlá ní Èkó láti àwọn ọdún 1920. Ṣùgbọ́n àlìkámà kì í ṣe dáadáa nínú ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ Yorùbá; òkè Ọya ni a ti ń gbìn ín, ní àkókò ọyẹ́, pẹ̀lú omi tí a fà wọ oko. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó àlìkámà wọlé ní ọdún 1987, búrẹ́dì di ọ̀wọ́n, ara sì ni àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1992 wọ́n gbé òfin náà kúrò. Ẹnu ti borí ilẹ̀. Àṣà lè yan ohun tí ilẹ̀ kò pàtẹ, ṣùgbọ́n owó ni a óò máa fi wá a láti ilẹ̀ òkèèrè, ọjọ́ tí owó bá sì wọ́n, ebi yóò wọlé.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mi ò sọ pé kí a kọ búrẹ́dì sílẹ̀. Bí a bá ní kí a lé àlejò, a óò lé ata pẹ̀lú. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a mọ ibi tí oúnjẹ wa ti wá, kí a sì mọ ẹni tí ń san owó rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì bá ń fi ẹni tí ń jẹ pupuru ṣe ẹlẹ́yà, tàbí tí wọ́n ń fi èèwọ̀ ẹlòmíràn ṣẹ̀fẹ̀, ẹ má ṣe fi ẹgba nìkan parí rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n lọ bi ìyá àgbà wọn ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni ẹ ń jẹ ní kékeré? Níbo ni ó ti ń wá? Kí ni ẹ kì í jẹ, kí sì ni ìdí rẹ̀? Ìdáhùn tí wọn óò mú bọ̀ yóò kọ́ wọn ní ìtàn ilẹ̀ wọn, yóò sì kọ́ wọn pé kò sí ìkòkò ọbẹ̀ kan tí kò ní ìdí.