Ìpèníjà àti Ìtàn Nínú Eré: Láti Ojú Ọpọ́n Ayò Dé Inú Ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ eré ni mo mú wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, nítorí ohun tí ọmọdé fi ń ṣeré ni ó fi ń kọ́ láti ronú.

Ní àìpẹ́ yìí mo bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wí, nítorí tí ó tẹjú mọ́ eré orí fóònù títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo bi í pé kí ni ó ń wá nínú rẹ̀. Ó dáhùn pé, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, mo fẹ́ mọ ibi tí ìtàn náà yóò parí sí ni.” Ọ̀rọ̀ yìí dá mi dúró. Èmi ti rò pé ìjà nìkan ni ó wà níbẹ̀. N kò mọ̀ pé ìtàn ni ó ń fà á. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a bojú wẹ̀yìn, kí a sì wo ohun méjì tí ó gbé eré ró: ìpèníjà àti ìtàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ayò. Ilé 12 ni ó wà lójú ọpọ́n, 6 fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Ọmọ 4 ni a ń kó sínú ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Kò sí ọba nínú rẹ̀, kò sí ọdẹ, kò sí iwin; ìpèníjà pọ́nńbélé ni. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal, onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Vrije ní ìlú Amsterdam, fi ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a so pọ̀ ṣe ìṣirò awari, eré kan tí ó jẹ́ ẹbí ayò. Ipò ọmọ ayò tí wọ́n yẹ̀ wò ju bílíọ̀nù 889 lọ, wọ́n sì rí i pé bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì kò bá ṣi ọmọ ta, ọ̀mì ni yóò jẹ́. Ẹ̀rọ ti yanjú ìpèníjà náà. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn kò tìtorí rẹ̀ dìde kúrò nídìí ọpọ́n. Èéṣe? Nítorí pé òǹwòran ń bẹ níbẹ̀ tí ń fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, tí yóò sì máa ròyìn bí ọ̀ta ti ṣe pa á. Eré tí kò ní ìtàn nínú, àwọn ènìyàn a máa fi ìtàn yí i ká.

Nínú àlọ́ ni àwọn baba wa ti mú méjèèjì wá sí abẹ́ òrùlé kan. Àlọ́ àpamọ̀ ni ó ń ṣáájú: àgbà yóò pa á, ọmọdé yóò wá ìtumọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àlọ́ àpagbè yóò tẹ̀lé e, tí gbogbo agbo yóò sì máa gbe orin. Ẹ kíyèsí i pé nínú méjèèjì, ọmọdé kì í jókòó bí ère. Bí kò bá dáhùn, àlọ́ kò lè lọ síwájú.

Ní ọdún 1938 ni àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. tẹ ìwé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, èyí tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, kọ. Bí àwọn ọdẹ inú rẹ̀ ti ń bọ́ lọ́wọ́ ewu kan ni òmíràn ń yọ sí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Òkè Láńgbòdó, ọjọ́ 7 ni wọ́n fi jókòó ti Ìrágbèje, tí ó ń sọ ìtàn àti ọ̀rọ̀ ọgbọ́n fún wọn. Ìpèníjà ni ọ̀nà; ìtàn ni ibi tí ọ̀nà náà ń lọ.

Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, láàárín ọdún 1975 sí 1976, Will Crowther, ẹni tí ó fẹ́ràn láti máa wọ inú ihò ilẹ̀, kọ eré kan sínú kọ̀ǹpútà kí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ lè máa ṣe é. Kò sí àwòrán nínú rẹ̀: ẹ̀rọ yóò sọ ibi tí aṣeré dé, aṣeré yóò sì tẹ èsì rẹ̀. Don Woods fi kún un ní ọdún 1977. Ǹjẹ́ èyí kò jọ àlọ́? Baba ń pa á, ọmọ ń dáhùn. Láti inú irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ eré onítàn orí ẹ̀rọ ti ṣẹ̀.

Nítorí náà n kò lè pe eré ẹ̀rọ ní àjèjì. Ìtàn inú rẹ̀ ni ó jẹ́ àjèjì fún ọmọ wa. Àwọn ará Kamẹrúùnù ti rí èyí: ní ọdún 2016 ni Kiro'o Games, ní ìlú Yaoundé, gbé Aurion jáde, eré tí wọ́n gbé ka orí àṣà àti ìtàn Áfíríkà.

Nígbà tí mo sọ nǹkan wọ̀nyí fún ọmọ náà, ó ní, “Bàbá, ẹ pa ọ̀kan nínú àlọ́ wa fún mi.” Mo bẹ̀rẹ̀. Mo rántí orin, mo rántí ìjàpá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé àárín, ojú tì mí, nítorí n kò rántí bí ó ti parí. Ìyá ìyá mi ni ó pa á fún mi ní èdè Ìkálẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí ó ti sùn. Ẹ̀yin ará, kì í ṣe fóònù ni ó gba àlọ́ náà lọ́wọ́ mi. Èmi ni n kò pa á fún ẹnikẹ́ni. Kí olúkúlùkù yín tí ó ní ìyá àgbà nílé lọ jókòó tì í lọ́la, kí ó sì gbọ́ àlọ́ kan dé òpin. Ọmọ tí ìbá sọ ọ́ di eré lọ́jọ́ iwájú kò lè ṣe é, bí àwa kò bá fi í lé e lọ́wọ́.