Ta ni Mahmud al-Nigeri, ‘Màlámù Mamuda’ inú igbó Kainji?

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Olùdámọ̀ràn fún Ààrẹ lórí ètò ààbò, Màlámù Nuhu Ribadu, kéde ní Àbújá pé ọwọ́ ti tẹ olórí méjì nínú ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí Ansaru. Ọ̀kan ni Abu Bara, tó pe ara rẹ̀ ní Ẹ́mírì ẹgbẹ́ náà. Èkejì ni igbákejì rẹ̀, Mahmud al-Nigeri, tí wọ́n ń pè ní Màlámù Mamuda. Mamuda yìí la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé igbó tó fi ṣe ibùba kò jìnnà sí Òkè-Ògùn wa.

Ẹgbẹ́ tó wà

Oṣù Kìíní ọdún 2012 ni Ansaru yapa kúrò lára Boko Haram. Ohun tí wọ́n sọ nígbà náà ni pé Boko Haram ń pa Mùsùlùmí ní ìpakúpa, pé àwọn fẹ́ gbèjà Mùsùlùmí ni. Ṣùgbọ́n al-Qaeda inú aṣálẹ̀ Sàhárà ni wọ́n lọ bá dọ́rẹ̀ẹ́, ìjínigbé sì di iṣẹ́ wọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè wọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2013.

Ẹ̀kọ́ tó kọ́

Gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe sọ, Líbíyà ni Mamuda ti gba ẹ̀kọ́ láàárín ọdún 2013 sí 2015, lọ́dọ̀ àwọn ará Íjíbítì, Tùnísíà àti Àlìjéríà. Kì í ṣe Kùránì tàbí Hàdíìsì ni wọ́n kọ́ ọ. Bí a ṣe ń lo ìbọn àti bí a ṣe ń ṣe àdó olóró ni.

Nígbà tó padà dé, ó kó àwọn ọmọ ẹ̀yìn jọ sínú ọgbà ẹranko igbó Kainji àti àyíká rẹ̀, láti ìpínlẹ̀ Niger dé Kwara, títí dé ẹnubodè Benin. ‘Mahmudawa’ ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn rẹ̀. Ìròyìn láti Kaiama sọ pé bí aláàbò ni wọ́n kọ́kọ́ wá, pé àwọn yóò lé àwọn ajínigbé lọ. Nígbà tó yá, àwọn fúnra wọn ń gba owó lọ́wọ́ àgbẹ̀ àti darandaran, wọ́n sì ń pa ẹni tó bá ta kò wọ́n.

Àwọn tó fara gbá

Lára ẹ̀sùn tí ìjọba fi kan àwọn olórí méjèèjì ni ìkọlù ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje ní oṣù Keje ọdún 2022, jíjí Ẹ́mírì Wawa gbé, àti jíjí Magajin Garin Daura, Alhaji Musa Umar, gbé. Ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni wọ́n gbé ìyẹn lọ níwájú ilé rẹ̀, kété lẹ́yìn ìrun Mágíríbì. Ó tó bí oṣù méjì kó tó gba òmìnira. Ẹ wò ó dáadáa: Mùsùlùmí ni Ẹ́mírì, Mùsùlùmí ni Magaji. Àwọn tí ẹgbẹ́ náà ní àwọn fẹ́ gbà là ni wọ́n ń jí gbé.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS gbé àwọn méjèèjì lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá. Abu Bara gbà pé òun jẹ̀bi wíwa kùsà lọ́nà àìtọ́ láti fi rówó ra ohun ìjà, adájọ́ sì fi í sẹ́wọ̀n ọdún 15 lórí ìyẹn nìkan. Owó kùsà ló ń ra ìbọn. Kò sí ohun tó kan jíhàdì níbẹ̀.

Ohun tó kàn wá

Ọ̀nà kan já láti Kíṣì sí Kaiama. Baruten náà bá ilẹ̀ wa pààlà. Mamuda ti wà ní àtìmọ́lé nígbà tí àwọn agbébọn kọ lu àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́ Ilé ní Olóka, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, tí wọ́n sì pa márùn-ún. Nítorí náà, mímú ẹnì kan kò tíì parí ọ̀rọ̀.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. A rọ àwọn ìmáàmù wa ní Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Ìgbòho àti gbogbo abúlé wa: kí oníwàásù àlejò tó gun mínbárì, ẹ bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bó bá ń pe Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kèfèrí, tàbí tó ń fi owó fa àwọn ọ̀dọ́ wọ igbó, ẹ tètè fi tó baálẹ̀, Àmọ̀tẹ́kùn àti ọlọ́pàá létí.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìwà Mamuda ṣe ẹ̀rí lórí gbogbo Fúlàní tàbí Hausa tí ẹ bá rí. Ọ̀pọ̀ wọn ti ń bá wa kírun ní sààfù kan náà láti ìgbà àwọn baba wa, àwọn náà ló sì kọ́kọ́ ń jìyà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yìí.

Kùránì ka pípa ẹ̀mí kan láìṣẹ̀ sí pípa gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní tẹ̀ lé Mamuda kankan. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ilẹ̀ wa, kí Ó sì dá ẹ̀mí àwọn tó ti lọ sí. Àmín.