Ìṣin Mushin: Ta Ló Jẹ Ẹ́ Tán?

Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje lọ́dọọdún, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó a máa gbin igi, a sì máa rọ ará ìlú láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún 2008 ni àṣà náà bẹ̀rẹ̀. Ní Mushin, ọ̀rọ̀ igi ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, nítorí ara igi ni orúkọ ìlú ti jáde. Ìtàn tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn tó ń lọ mú ìṣin nídìí àwọn igi tó pọ̀ níbẹ̀ ló sọ ibẹ̀ ní Mushin.

Nígbà tí ilẹ̀ Àwórì yìí ṣì jẹ́ oko àti igbó, ẹran ni ọ̀tá àkọ́kọ́ igi eléso. Ẹtu àti àgbọ̀nrín a máa jẹ ọ̀mùnú ewé rẹ̀ lóko. Nítòsí ilé, ewúrẹ́ a jẹ ìyókù. Àgbẹ̀ a fi igi ẹlẹ́gùn-ún àti imọ̀ ọ̀pẹ ṣọgbà yí i ká, a sì dẹ tàkúté sójú ọ̀nà ẹran. Àwọn mìíràn a po ìgbẹ́ ẹran mọ́ omi, wọn a wọ́n ọn sí ewé, nítorí ewúrẹ́ kì í fẹ́ jẹ ohun tó ń rùn bí ìgbẹ́ ara rẹ̀. Ọgbọ́n tí kò náni ní kọ́bọ̀! Bí igi bá ti ga ju ibi tí ẹnu ẹran lè dé, ìjà yẹn parí.

Ọ̀tá tó kù, ẹsẹ̀ méjì ló fi ń rìn. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi ààlè sára igi: àkísà, àlòkù bàtà, ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo. Ohun tó ti gbó, tí kò wúlò mọ́ ni, kí olè lè wò ó kí ó mọ bí òun yóò ṣe dà. Ní ti ìṣin, ààlè kì í ṣe ìwà ahun lásán, nítorí èso tí kò tíì la ẹnu fúnra rẹ̀ ní májèlé tó lè pa ènìyàn. Ìṣin tó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé Jàmáíkà ti di èso orílẹ̀-èdè níbẹ̀. Síbẹ̀, nítorí májèlé yìí, Amẹ́ríkà fòfin de ìṣin inú agolo láti 1973 títí di 2000.

Ta wá ló jẹ ìṣin Mushin tán? Kì í ṣe àgbọ̀nrín, kì í ṣe olè. Láti 1955 ni LEDB, àjọ tó ń tún Èkó ṣe, ti ń wó ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tó sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Súrùlérè. Mushin wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, títí tí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wá ṣiṣẹ́ ní Èkó ló rí yàrá níbẹ̀. Nígbà ìkànìyàn 2006, wọ́n ti ju 630,000 lọ.

Nínú òfin ìbílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó gbin igi eléso ń sọ pé òun ló ni ilẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó yá ilẹ̀ fi lè gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ṣùgbọ́n tí kò gbọdọ̀ gbin obì tàbí ọsàn láìgba àṣẹ. Nígbà tí ilẹ̀ sì di títà ní púlọ́ọ̀tì, igi tó ti jẹ́ ẹlẹ́rìí ìdílé di ohun tó gba àyè yàrá kan. Ayálégbé ò ní ilẹ̀ tí yóò gbìn ín sí. Onílé ò fẹ́ pàdánù owó yàrá.

Àgbàlá ilé ìwé ni àyè tó kù tí ẹnì kan kò lè tètè tà. Ibẹ̀ ló yẹ kí ìṣin kọ́kọ́ padà sí, pẹ̀lú ọgbà nítorí ewúrẹ́, àti olùkọ́ tí yóò máa sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n dúró dìgbà tí èso bá la ẹnu.