Omi tí ọṣẹ fẹ́ràn

Kí pọ́ǹpù tó dé, ọṣẹ ni àwọn ìyá wa fi ń dán omi wò: èyí tí ọṣẹ bá tètè hó nínú rẹ̀ ni omi rere. Omi òjò àti omi adágún kì í fi ọṣẹ ṣòfò. Ṣùgbọ́n nínú adágún yẹn gan-an ni sòbìà ti ń wọ ara ènìyàn.

Láàárín 1981 sí 1990, ọdún mẹ́wàá tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún omi mímu, kànga oní-pọ́ǹpù tí ó jìn wọnú àpáta pọ̀ sí i káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Orí àpáta ni Alafiarou àti gbogbo agbègbè Tchaourou náà wà. Omi tí ó bá pẹ́ nínú àpáta a máa kó calcium àti magnésium. Ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, ìdí ìkòkò a sì funfun. Àwọn kan pè é ní omi burúkú. (Ẹ má bá wọn wí, owó ni a fi ń ra ọṣẹ.) Bẹ́ẹ̀ sì ni líle omi kì í ṣe àrùn.

Ní 2004 ni a rí sòbìà kẹ́yìn ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó ti tán. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi kó ipa tirẹ̀ pẹ̀lú.

Síbẹ̀, bí òjò bá ṣú, garawa ṣì ń jáde sábẹ́ òrùlé, nítorí aṣọ fífọ̀.