Aṣọ Tí Abẹ́rẹ́ Kò Tíì Kàn: Bouaké àti Ọ̀rọ̀ Iye Owó Tó Tọ́

Ẹni tó bá fẹ́ ra àǹkárá lọ́wọ́ obìnrin tí kì í ṣe ọlọ́jà, tó jẹ́ bùkátà ló mú kó yọ ọ́ látinú àpótí, kì í kọ́kọ́ wo àwòrán ara aṣọ náà. Etí rẹ̀ ló máa ń wò, níbi tí ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ kọ orúkọ sí ní lẹ́tà kéékèèké láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà, á yí i padà láti mọ̀ bóyá àwọ̀ inú bá ti òde mu, nítorí ojúlówó Hollandis, àǹkárá ilẹ̀ Holland, kò ní ẹ̀yìn. Á fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú ìṣẹ́po, ibi tí aṣọ ti máa ń kọ́kọ́ ṣá. Á gbóòórùn káńfọ̀ ara rẹ̀. Á wá wọ̀n ọ́n láti imú dé ṣóńṣó ìka, títí yóò fi pé yáàdì mẹ́fà. Ìgbà tó bá pé, tí àlùmọ́gàjí kò kàn án, tí abẹ́rẹ́ kò kàn án, ni ọ̀rọ̀ owó tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í sì í tán bọ̀rọ̀. Aṣọ náà kì í ṣe tuntun mọ́, ó ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tipẹ́. Kò sì tíì di àlòkù, ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ọ́ rí. Èló ni ó yẹ kí a san?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Japan, àwọn àgbàlagbà wà tí wọ́n ń ra páálí ọkọ̀ òfúrufú oníke tí a ń fọwọ́ tò, tí wọ́n á gbé e sórí pẹpẹ fún ogún ọdún láì tò ó. Bí wọ́n bá fẹ́ tà á, àríyànjiyàn kan náà ló ń dìde: ṣé iye ìgbà tí wọ́n rà á ni, àbí iye òní? Èyí tí a ti tò, bó ti wù kó dára tó, kì í sábà pa owó. Èyí tó wà nínú páálí ló ń pa á, títí di ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ bá tún rọ irú rẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ. Ìgbà tí aránṣọ bá ti gé e sí ìwọ̀n ara ẹnì kan, ó ti di ti ẹni náà. Ní Bouaké, ìlú kan ní Côte d'Ivoire, níbi tí òwú àti aṣọ ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlú fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ìtàn ti dáhùn ìbéèrè yìí lọ́nà tí ó tẹ́ mi lọ́rùn ju ìṣirò èyíkéyìí lọ: ara ọjà kọ́ ni iye tó tọ́ ń gbé. Ibi tó ń gbé ni bóyá ẹni tó ń tà á lè ṣẹ́ ẹ po, kó sì gbé e padà sílé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú oko. Mona Etienne, onímọ̀ nípa àṣà àwùjọ tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn Baule, ẹ̀yà tó wà ní àyíká Bouaké, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lọ́dún 1977 lórí ọkùnrin, obìnrin àti aṣọ ní agbègbè yìí. Bó ṣe ṣàlàyé ètò ìgbà tí Faransé kò tíì gbàjọba rèé: ọkùnrin ló ń kọ ebè, iṣu sì jẹ́ tirẹ̀. Obìnrin ló ń gbin òwú sáàárín iṣu, òun ló ń tọ́jú rẹ̀, òun ló ń ká a, òun ló sì ń ran án. Ọkọ ló ń hun ún. Ṣùgbọ́n bí aṣọ bá jáde, ìyàwó ló ni ín, nítorí òun ló ni òwú tí wọ́n fi hun ún. Òun ló ń pín in, ó sì ń fún ọkọ ní tirẹ̀. Ẹ ò rí i pé ètò yìí yàtọ̀ sí bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ronú lónìí, pé ọwọ́ tó parí iṣẹ́ ló ni iṣẹ́. Láàárín àwọn Baule nígbà náà, ẹni tó ni ohun tí a kò tíì ṣe ló ni ohun tí a ti ṣe. Aṣọ tó bá ṣẹ́kù kì í ṣe fún wíwọ̀ nìkan. Ó wà lára ìṣúra ìdílé pẹ̀lú wúrà, a ń kó o jáde níbi òkú, a sì ń tà á fún àwọn oníṣòwò tó ń lọ tó ń bọ̀. Obìnrin tó ní òwú nínú agbọ̀n lè ran án, ó lè fi í sílẹ̀, ó lè tà á. Kò sí ẹni tó ń lé e.

Ìyẹn yí padà lábẹ́ ìjọba Faransé. Ọkọ̀ ojú irin tó gbéra láti Abidjan dé Bouaké lọ́dún 1912. Lábẹ́ Gómìnà Gabriel Angoulvant, tó ṣe àkóso láti 1908 sí 1916, ìjọba Faransé fipá mú àwọn ará abúlé láti gbin òwú fún ilé iṣẹ́ aṣọ òkè òkun. Oko òwú ti gbogbo abúlé ni wọ́n ní kí wọ́n dá, kì í ṣe ti àárín iṣu mọ́. Wọ́n yan ọjọ́ ọjà, wọ́n sì dá iye owó lé e. Ìjọba kò gbà pé ìrẹ́jẹ ni. Àlàyé wọn ni pé kí òwú tó dé èbúté Le Havre, a gbọ́dọ̀ ya kóró kúrò lára rẹ̀, ká dì í, ká gbé e gun ojú irin, ká gbé e gun ọkọ̀ ojú omi. Kí a yọ gbogbo ìnáwó yìí kúrò nínú iye tí wọ́n ń tà á ní Faransé, èyí tó bá kù ni ti àgbẹ̀. Ìṣirò náà kò ní àṣìṣe, mo gbà. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé olùrà mìíràn wà nítòsí. Thomas Bassett, tó kọ ìwé lórí ìtàn òwú Côte d'Ivoire láti 1880 sí 1995, fi hàn pé àwọn ahunṣọ ìbílẹ̀ àti àwọn oníṣòwò Jùlá ń san owó tó ju ti àwọn ilé iṣẹ́ Faransé lọ, àti pé òwú ń yọ́ lọ sọ́dọ̀ wọn bó ti wù kí ìjọba gbìyànjú tó. Èmi kò mọ ẹ̀rí tó ju èyí lọ. Bí iye kan bá tọ́, kí ló dé tí a ní láti fi ẹ̀ṣọ́ tì í lẹ́yìn? Ọdún 1946 ni òfin tí Félix Houphouët-Boigny, aṣojú Côte d'Ivoire, gbé lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, nǹkan mìíràn ti wọlé láìpariwo. Lọ́dún 1921, Robert Gonfreville dá ilé iṣẹ́ aṣọ sílẹ̀ ní Bouaké, òwú ríran sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú ẹ̀rọ. Ìgbà náà ni ọkùnrin tó ní owó kọfí tàbí kòkó lọ́wọ́ lè lọ ra òwú, kó hun ún, kí aṣọ náà sì jẹ́ tirẹ̀ pátápátá. Ìyàwó tó ni òwú tẹ́lẹ̀ kò ní ohunkóhun mọ́ nínú rẹ̀. Etienne kà á sí ìpàdánù ńlá fún àwọn obìnrin Baule, mo sì rò pé òótọ́ ló sọ. Ohun tó kàn wá nínú rẹ̀ ni pé láti ìgbà náà ni obìnrin Bouaké tó fẹ́ ní aṣọ nípamọ́ ti ní láti fi owó rà á. Àpótí rẹ̀ kò kún láti oko mọ́. Ọjà ni ó ti ń kún.

Ohun tí ó wá ń kún inú rẹ̀ ni àǹkárá: ti Vlisco láti Helmond ní Holland, ilé iṣẹ́ tó ti wà láti 1846, àti ti Uniwax tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Abidjan ní ìparí àwọn ọdún 1960. Yáàdì mẹ́fà ni odindi, ìró mẹ́ta. Àwọn obìnrin ọlọ́jà ló ń sọ wọ́n lórúkọ, orúkọ ló sì ń tà wọ́n. Ọ̀kan wà tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ "Ọkọ mi tó bẹ́ẹ̀". Òmíràn, tí ẹyẹ ti ń fò jáde nínú àgò, ń jẹ́ "Bí o bá jáde, èmi náà á jáde". Àwọn Yorùbá tó wà káàkiri ìlú Côte d'Ivoire, tí wọ́n ń pè ní Anango, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti Èjìgbò, mọ ọ̀nà fífi aṣọ pamọ́ yìí dáadáa, nítorí ìyàwó ilé wa náà kì í rán gbogbo aṣọ tó bá rà. Ó ń kó pamọ́ de ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ, ó ń kó pamọ́ de àìsàn.

Ní oṣù Kínní ọdún 1994, wọ́n dín agbára CFA, owó tí wọ́n ń ná ní Côte d'Ivoire, kù ní ìdajì. Fáráǹkì Faransé kan, tó ń jẹ́ 50 CFA tẹ́lẹ̀, di 100 CFA. Aṣọ tó wà nínú àpótí kò kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ tó ń ti òkè òkun bọ̀ ti di ọ̀wọ́n. Ó rọrùn láti sọ pé ẹni tó rà á ní iye àná kò gbọ́dọ̀ tà á ní iye òní, pé èrè ojú oorun ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rere ló gbà bẹ́ẹ̀, mo sì mọ ohun tó ń dùn wọ́n: aládùúgbò tó ń ra aṣọ òkú ìyá rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ pé olú ìlú Faransé ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí. Bí iye tí wọ́n fi ń kó aṣọ wọlé bá di ìlọ́po méjì, tí obìnrin kan sì ta yáàdì mẹ́fà ní iye àná, owó náà kò ní rà ju yáàdì mẹ́ta lọ fún un. Ìdajì àpótí rẹ̀ ti lọ, kò sì sí ẹni tó jí i. Bákan náà, ní ọdún tí ikán bá jẹ aṣọ rẹ̀, tàbí tí àwòrán rẹ̀ di ti àtijọ́, kò sí aládùúgbò tó ń mú owó wá láti fi tù ú nínú. Ẹni tó ń ru àdánù ìpamọ́ ló ni èrè rẹ̀. Iye òní ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, kí a wá máa yọ ohun tí ọjọ́ orí ti jẹ kúrò lára aṣọ: ojú ìṣẹ́po tó ṣá, àmì omi, yáàdì tí kò pé.

Àtakò tó le ju èyí lọ wà. Bí a bá sọ pé iye òní ni, ta ló ń sọ iye òní? Ní Gánà, ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn Yorùbá tó ti ń ṣòwò ní Tamale àti Kumasi láti ìran dé ìran lu ọjà wọn ní gbàǹjo. Ọjà tí wọn kò tíì tú, tó ṣì wà nínú páálí, lọ ní owó pọ́ọ́kú. Bí a bá ní "iye tí olùrà san ni iye rẹ̀", a jẹ́ pé gbàǹjo yẹn náà tọ́, nítorí wọ́n tà, wọ́n sì gbowó. Kò tọ́. Aṣọ náà kò yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó rà á mọ̀ pé òun ń rà á lọ́wọ́ ẹni tí kò lè gbé e lọ. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé agbára láti gbé e padà sílé ni òṣùwọ̀n. Olùtajà tí a gba agbára yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, yálà ẹ̀ṣọ́ Angoulvant ló gbà á tàbí ìwé àṣẹ Busia, kò sí ní ọjà mọ́, bó tilẹ̀ jókòó síwájú ìsọ̀.

Bouaké fúnra rẹ̀ tún rí irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 2002, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, ìlú náà sì di olú ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀. Àwọn ilé ìfowópamọ́ ti ìlẹ̀kùn; ní oṣù Kẹsàn-án 2003, wọ́n ja ẹ̀ka ilé owó àpapọ̀ BCEAO tó wà níbẹ̀ lólè. Ọdún 2007 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní Ouagadougou. Láàárín ìgbà yẹn, ẹni tó dúró ní ìlú pẹ̀lú àpótí aṣọ ní báǹkì nínú yàrá, ó lè yọ ìró kan lóṣù yìí, kó yọ òmíràn lóṣù mẹ́ta sí i. Ẹni tó ń sá lọ sí Abidjan kò lè ru ú, iye tí wọ́n bá fún un ló gbọ́dọ̀ gbà. Aṣọ kan náà, ìlú kan náà, iye méjì. Mo sì rò pé a lè fi ẹnu wa sọ èyí tó tọ́ nínú méjèèjì.

Ọ̀ràn tó kù báyìí ni ti ayédèrú. Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni aṣọ China ti kún ọjà, àwọn kan sì ń tẹ orúkọ Vlisco sí etí rẹ̀ bí ẹni pé Helmond ló ti wá. Ibi tí olùrà ti máa ń kọ́kọ́ wò ni wọ́n kọ́kọ́ parọ́ sí. Nítorí náà, lẹ́yìn tó bá ti wo etí, tó yí i padà, tó gbóòórùn rẹ̀, ó tún ń béèrè ohun tí kò béèrè tẹ́lẹ̀: ta ló rà á fún yín, ìgbà wo ni? Bí obìnrin náà bá dáhùn pé ọkọ òun ló rà á nígbà ìkómọ àkọ́bí, tí àkọ́bí ọ̀hún sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú irùngbọ̀n, aṣọ náà ti dàgbà ju ayédèrú lọ, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù tó lè fi ìwé ẹ̀rí tó dára jù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún un. Obìnrin náà á tún aṣọ ṣẹ́ po, á gbé e lé itan, á sì dá iye tirẹ̀.