Bàálù Yára, Ọ̀nà Festac Ò Yára

Àlejò tó lé ní 16,000 ni Nàìjíríà ń retí ní oṣù kìíní ọdún 1977, láti orílẹ̀-èdè tó ju 50 lọ. Àjọ̀dún Festac ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣe, èkejì irú rẹ̀ lẹ́yìn ti Dakar ní 1966. Òtẹ́ẹ̀lì Èkó ò lè gba gbogbo wọn. Ìjọba ológun wá kọ́ ilé tó lé ní 5,000, ìyẹn àdúgbò Festac, sẹ́bàá ọ̀nà Badagry, ní ibi tó di ìjọba ìbílẹ̀ Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin lónìí. Nígbà tí àjọ̀dún parí, àwọn ará ìlú kó wọ ibẹ̀.

Ká ní ogún ọdún ṣáájú ni, ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ àlejò ìbá wọ̀. Aureol, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Elder Dempster tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, máa ń lo bí ọ̀sẹ̀ méjì láti Liverpool dé Àpápá. Bàálù ti wà o. Imperial Airways ti ń gba Kano wá sí Èkó láti 1936, àmọ́ òyìnbó ìjọba àti olówó ló ń wọ̀ ọ́, wọ́n sì ń sùn lójú ọ̀nà. Ní 29 oṣù kẹrin 1964 ni ilé-iṣẹ́ BOAC fi bàálù VC10 kó èrò fún ìgbà àkọ́kọ́, Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó ló sì gbé wọn gbà. Wọ́n dìídì ṣe bàálù náà fún pápákọ̀ ilẹ̀ olóoru tí ojú ọ̀nà rẹ̀ kò gùn. Bíi 5,000 kìlómítà ni Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó. Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ tó o lónìí. Dakar sí Èkó ò tiẹ̀ tó ìdajì ọ̀nà yẹn.

Kùtọnu ló pani lẹ́rìn-ín. Láti pápákọ̀ Ìkẹjà, bíi 100 kìlómítà péré ni lójú sánmà. Ṣùgbọ́n ará Festac tó bá fẹ́ fò lọ síbẹ̀ ní láti kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí Kùtọnu, kó lọ Ìkẹjà, nígbà tí ọ̀nà Badagry tó lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Gbọ̀ngàn ńlá pápákọ̀ Ìkẹjà tí wọ́n fi Schiphol ti Amsterdam ṣe àwòkọ́ṣe ò ṣí sílẹ̀ títí di oṣù kẹta 1979. Àlejò 1977 ti padà sílé.

Láti pápákọ̀ dé Festac ò ju nǹkan bí 20 kìlómítà. Títì Òṣòdì sí Àpápá lèèyàn yóò gbà, òun àti àwọn tánkà epo àti tírélà tó ń lọ sí èbúté. Lọ́jọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dé, ẹni tó fò láti Dakar fún wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ lè tún lo wákàtí méjì mìíràn nínú ọkọ̀.

Láti oṣù kẹsàn-án 2023, rélùwéè Blue Line ń kó èrò láti Marina dé Mile 2 nítòsí Festac. Red Line náà ń gba Ìkẹjà kọjá láti 2024. Kí ìjọba Èkó jọ̀wọ́ so Mile 2 mọ́ pápákọ̀.